Bí Mo Ṣe Di Baba Má-Béèrè-Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ́sálásí wa ní Peckham, ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, nítorí pé ẹ̀yin náà ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa dì mú. Mo ní kí ẹ lọ bá àwọn dókítà àti àwọn lọ́yà tó wà láàárín wa, ẹ kọ̀. Ẹ ní tèmi lẹ fẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà yẹn sì ni mo fẹ́ tú palẹ̀ fún yín. Kò dùn ní ìparí, n kò sì ní í fi oyin kún un.

Múráínà ni orúkọ mi. Rédíò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni mo fi parí. Láàárín méjèèjì, mo tún téèpù ṣe, mo tún ẹ̀rọ síídì ṣe, mo tún fóònù ṣe. Rye Lane ni mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja àti iṣu, débi pé òórùn ẹja kò kúrò lára ẹ̀wù mi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó mi a máa sọ pé òun kò mọ̀ bóyá apẹja ni òun fẹ́ tàbí atúnrédíòṣe.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà àti ohun tí wọ́n ń san kò yẹ kó gba àkókò yín. Mo wá kàwé nílùú òyìnbó yìí, owó ìwé tán, mo wáṣẹ́, mo rí i. Ó parí.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọ̀gá mi, Alhaji Lásísì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó kúrú, ó sanra, kì í rẹ́rìn-ín kó tó kírun ọ̀sán. Abẹ́ ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bí ọkọ̀ bá ti ń kọjá lókè, gbogbo rédíò tó wà lórí pẹpẹ á máa gbọ̀n.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin iṣẹ́ kankan. Á gbé rédíò tó ń ha gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ka iwájú mi, á ní, "Gbọ́ ọ." Màá gbọ́ ọ títí etí á máa ro mí. Nígbà tó bá yá, á béèrè pé kí ló ń sọ.

"Alhaji, ariwo ló ń pa."

Á fi ìka kàn mí lórí kọ́n. "Ariwo kọ́. Nǹkan kan ló ń dùn ún. Ẹni tó bá ń pa ẹlẹ́kún lẹ́nu mọ́, tí kò béèrè ohun tó ń ṣe é, ìkà ni. Padà síbẹ̀, gbọ́ ọ dáadáa."

Mo padà síbẹ̀. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nígbà tó ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé èyí tó ń ha báyìí, òjé tó lẹ wáyà rẹ̀ ló ti ṣí, èyí tó ń kùn báyìí, bátìrì ló ti jẹ inú rẹ̀. Kí n tó tú ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń mọ̀.

Òfin kejì rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mummy kan gbé rédíò ọkọ rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. Èmi tí mo ti rò pé mo mọṣẹ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní, "Mummy, eléyìí ti kú." Alhaji dìde. Ó ní kí n jáde síta, nínú òtútù, kí n dúró síbẹ̀ títí màá fi rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. N kò rí ọ̀rọ̀ kankan. Ẹnu mi ń gbọ̀n. Ìgbà tí obìnrin náà lọ ni ó ṣílẹ̀kùn fún mi.

"Ẹ̀rọ kì í kú lẹ́nu atúnṣe," ó ní. "Kò tíì dáhùn lo máa sọ. Ẹni tó ni ín ló máa sọ pé ó kú, lọ́jọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá ṣetán."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹ̀rọ tó kú lọ́wọ́ mi. Àwọn kan wà lórí pẹpẹ tí wọn kò tíì dáhùn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Òfin kẹta ni pé ká kẹ́yìn. Láyé ìgbà náà, púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa kì í kọ lẹ́tà sílé. Wọ́n á sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi rán ẹni tó bá ń lọ sí Nàìjíríà, àwọn ará ilé náà á sì fi tiwọn ránṣẹ́ padà. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá já, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá. Bí a bá ti so ó pọ̀, tí ohùn ti jáde, Alhaji ní ká kẹ́yìn sí i, ká máa wo ògiri, kí ẹni tó ni ín máa gbọ́ ti ilé rẹ̀. Ẹ ò lè mọ iye ẹkún tí mo ti gbọ́ lẹ́yìn mi rí, láìmọ ojú ẹni tó ń sun ún.

Òfin yìí ló fún mi níyàwó. Ọmọbìnrin kan gbé kásẹ́ẹ̀tì àṣàlátù wá lọ́jọ́ kan, ìyẹn orin tí àwọn obìnrin máa ń kọ níbi àdúrà ọjọ́ Sunday. Ó ti já. Mo so ó, mo tẹ̀ ẹ́, ohùn kan jáde, ohùn tó rọra ń gòkè láìpariwo, tí àwọn yòókù ń gbè é. Mo kẹ́yìn sí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

"Ṣé mo burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ fi ń wo ògiri?"

Òun gan-an ló ń kọ orin náà. Nímọ́tà lorúkọ rẹ̀. Mo yíjú padà, n kò sì tún yíjú kúrò mọ́.

A bí Wàsíù. Ìyàwó mi ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú, ó ń ṣe ṣíìfù òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò sí Sunday tí kò sí ní àṣàlátù. Èmi ni mo máa ń gbé ẹ̀rọ lọ gba ohùn wọn sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi í jẹ Ìyá Àdínì, olórí gbogbo wọn nínú ẹ̀sìn. Kásẹ́ẹ̀tì orin rẹ̀ kún pẹpẹ kan ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tó fẹ́ kọ́ ọ, orin wọ̀nyí ni mo fi kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé wọn láti inú téèpù sínú kọ̀ǹpútà, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n sínú áàpù orin, ó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣí àkáǹtì níbẹ̀. "Ẹ wò ó," á ní, "orin wa ti wà lókè báyìí, níbi tí eku kò lè dé."

Kì í ṣe eku ló wá. Omi ni. Páìpù bẹ́ lókè ṣọ́ọ̀bù wa ní òpin ọ̀sẹ̀ kan tí a kò sí níbẹ̀. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn ní Monday, kásẹ́ẹ̀tì ń léfòó nílẹ̀. Ohùn àwọn ìyá tí wọ́n ti kú sílé, ohùn àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láti sọ̀rọ̀, gbogbo ohun tí èèyàn fi síkàáwọ́ wa. Alhaji Lásísì kò pariwo. Ó ti darúgbó nígbà náà. Ó ta okùn káàkiri inú ṣọ́ọ̀bù, ó fa téèpù yọ nínú kásẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sá wọn bí aṣọ. Bí oníbàárà bá dé, á ní, "Kò tíì dáhùn. Ẹ fún wa láyè díẹ̀." Púpọ̀ nínú wọn kò dáhùn. Àwọn èèyàn ń kí wa pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, ṣùgbọ́n èmi rí i pé agbè náà ti fọ́, nítorí ọ̀gá mi kò padà bọ̀ sípò. Ó kó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ló sì kú sí. Mo sunkún rẹ̀ ju bí mo ṣe sunkún bàbá tó bí mi lọ, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Nínú gbogbo ohùn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, èyí tí ìyàwó mi ti gbé lọ sókè nìkan ló ṣẹ́ kù. Kọ̀ǹpútà tó fi gbé e ti bàjẹ́, a ti ra òmíràn, ṣùgbọ́n orin wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Bó bá ti wọlé, orin á bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo wá di ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù. Àìsàn tuntun sì dé. Èèyàn á ṣí áàpù orin rẹ̀, àpótí kékeré kan á yọ sójú ẹ̀rọ: wọlé, tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ, ìyẹn password tí gbogbo yín mọ̀. Á tẹ̀ ẹ́. Kò ní í pẹ́, àpótí á tún yọ. Á tún tẹ̀ ẹ́. Àpótí á tún yọ. Wọ́n á fi ìbínú gbé e wá: "Baba, ẹ bá mi sọ fún un kó má béèrè mọ́!" Bí wọ́n ṣe sọ mí ní Baba Má-Béèrè-Mọ́ nìyẹn, láti Peckham títí dé Stockwell.

Àwọn ọmọ tó ní ṣọ́ọ̀bù fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á kàn nu ohun gbogbo nù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Èmi á jókòó tì í, màá gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, aago inú ẹ̀rọ ló ṣìnà, tí kò bá ti ibi tí orin ti ń wá mu. Nígbà mìíràn, orin kan ṣoṣo ló wà nínú àkójọ náà tó jẹ́ pé orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi rà á. Ẹ̀gbọ́n ti kó lọ sí Kánádà, ọkọ ti kọ ìyàwó sílẹ̀, ṣùgbọ́n orin tó rà ṣì wà nílé, ó ń béèrè ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá rí orin yẹn, tí ẹ yọ ọ́, tàbí tí ẹ yọ orúkọ àtijọ́ kúrò pátápátá kí ẹ tó fi tuntun wọlé, ariwo ti tán nìyẹn.

Bí oníbàárà bá sì fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, màá kẹ́yìn sí i. Òfin Alhaji ni. Kódà nínú ilé mi. Bí ìyàwó mi bá fẹ́ wọlé sínú àkáǹtì rẹ̀, màá dìde lọ wo fèrèsé.

"Baba Wàsíù, ta lẹ ń kẹ́yìn sí? Ìyàwó yín ni mí o."

"Má sọ ọ́ fún mi. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Á rẹ́rìn-ín, á tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ ìgbà èwe á sì gba gbogbo ilé. Báyìí ni mo ṣe bá a gbé dàgbà láìmọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀.

Mo fẹ̀yìn tì. A ní a máa sinmi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń múra ibi iṣẹ́, ó ní orí ń fọ́ òun. Kó tó di Friday ọ̀sẹ̀ náà, a ti sin ín. Gbogbo ẹgbẹ́ àṣàlátù wá sí ilé wa ní Aylesbury Estate, nítòsí Peckham, wọ́n ń kí mi, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá. Lẹ́yìn fídáù, ilé dá.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà, pé kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Àpótí yọ. Orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀: Nimota, wọlé. Mo pa á tì. Ó tún yọ.

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí mo fi ń bá àwọn ẹlòmíràn dá a dúró, mo mọ̀ ọ́n. Kí n yọ orúkọ rẹ̀, kí n fi tèmi sí i. Ṣùgbọ́n bí orúkọ rẹ̀ bá kúrò, orin á bá a lọ. Nítorí náà, mo fi í sílẹ̀ kó máa béèrè. Kí n sọ òótọ́ fún yín, mo fẹ́ràn àpótí yẹn. Òun nìkan ló kù nílé tó ń pe ìyàwó mi bí ẹni pé ó wà ní kíṣìnì, tó máa tó dáhùn. Màá mu tíì mi, màá jókòó síwájú rẹ̀, màá sunkún, màá pa á tì, màá dúró kó tún yọ.

Nǹkan kan tún ń ṣẹlẹ̀ tó ń bà mí lẹ́rù. Mo lọ kí Alhaja Sìdíkátù ní Stockwell, ọ̀rẹ́ ìyàwó mi tí kò sí ohun tí wọn kì í jọ ṣe. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo gbọ́ ohùn Nímọ́tà nínú ilé. Mo kanlẹ̀kùn, ohùn dákẹ́. Alhaja ṣílẹ̀kùn, ó gbé omi fún mi, ó ń wo ilẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ nílé obìnrin mìíràn létí Walworth Road. Mo ní ọ̀fọ̀ ti kọ lu etí mi. N kò sọ fún ẹnì kankan.

Wàsíù ọmọ mi a máa wá ní ọjọ́ Saturday. Ọmọ dáadáa ni, ibí ni wọ́n bí i sí, kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ orin àṣàlátù rí. Ní Saturday kan, ó wọlé, inú rẹ̀ dùn.

"Daddy, I've sorted it. Kò ní máa béèrè mọ́."

"Kí ni kò ní máa béèrè mọ́?"

"The sign-in thing. Mo fi death certificate Mummy ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n ti close account yẹn. It's gone. Thursday ni."

Mo gbé ife kalẹ̀. "Wàsíù, ta ló rán ọ?"

"Nobody. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá, ẹ kàn ń wo screen yẹn, ẹ máa ń sunkún. Daddy, I couldn't take it. Mo fẹ́ help yín ni."

"Orin màmá rẹ ńkọ́?"

"Orin wo?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ń bójú tó àkáǹtì náà lórí fóònù. Wọ́n ní ohun tí àwọn bá ti pa rẹ́ kì í padà. Ó tún pè wọ́n, ẹlòmíràn gbé e, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Ọmọkùnrin tó ga tó báyẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì, ó ń sọ pé, "I didn't know, Daddy, n kò mọ̀." N kò lè bínú sí i. Èmi náà ń sunkún.

Ó sun ilé mi mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn àṣàlátù, àwọn obìnrin wá, Alhaja Sìdíkátù ló ṣáájú, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú báàgì ọjà Rye Lane.

"Baba Wàsíù, ẹ má bínú. A mọ̀ pé ẹ ti retire. Ó ń sọ fún wa pé ká sign in, sign in, láti Thursday. Gbogbo wa ni."

"Gbogbo yín? Account ta ni?"

Wọ́n wo ara wọn. Alhaja Sìdíkátù ló dáhùn.

"Tiwọn ni. Ti Ìyá Àdínì. Gbogbo wa la jọ ń lò ó. Àwọn fúnra wọn ló fún wa ní password yẹn, pé orin àṣàlátù kì í ṣe ti ẹnì kan. Wọ́n ní ká má jẹ́ kí ẹ gbọ́, ẹ máa pariwo."

"Ẹ mọ password rẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa, Baba."

Mo bi í pé, nígbà tí mo wá sílé rẹ̀ ní Stockwell ńkọ́?

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Àwọn náà lẹ gbọ́. Mo sáré pa á ni. A ti jọ fẹnu kò pé bí ẹ bá ń bọ̀, ká pa á, kí ọgbẹ́ yín má bàa tún ṣí. A rò pé ẹ̀yin náà ń gbọ́ wọn nílé yín."

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i kedere lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ ikú rẹ̀ títí di Thursday, ilé tí ohùn rẹ̀ kò ti dún ní gbogbo Peckham, ilé ọkọ rẹ̀ nìkan ni. N kò béèrè nítorí òfin ọ̀gá mi, àwọn obìnrin kò sọ nítorí àánú mi, ọmọ mi pa á rẹ́ nítorí ìfẹ́ mi. Kò sí ọ̀tá kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Abèèrè kì í ṣìnà, wọ́n ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí mi, mo sì ti fi ọgbọ́n iṣẹ́ yí òwe náà padà. Bí ẹ bá kọ́ iṣẹ́ kan, ẹ pa òfin rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá délé, ẹ bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà.

Alhaja Sìdíkátù ní ká jẹ́ kí òun dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i lójú mi, bóyá ọwọ́ òun ló ṣì í. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà lé orí tábìlì, ó ṣí i. Àpótí yọ, orúkọ ìyàwó mi wà nínú rẹ̀. Bó ṣe na ọwọ́ láti tẹ̀ ẹ́, mo dìde, mo kẹ́yìn sí i, mo lọ dúró ní fèrèsé. N kò tilẹ̀ rò ó. Mo gbọ́ ìka rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ náà. Mo dúró kí ohùn rẹ̀ jáde lẹ́yìn mi.

Nígbà tí mo yíjú padà, ẹ̀rọ ti kọ ọ́ síwájú wọn pé òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ni gbogbo wọn ń wò, bí àwọn oníbàárà ṣe máa ń wo ẹnu atúnṣe. Wàsíù ti jáde láti kíṣìnì, ó fara ti òpó ìlẹ̀kùn, kò lè gbójú sókè.

"Baba," Alhaja Sìdíkátù ní, "ṣé wọ́n ti lọ náà nìyẹn?"

Mo wo ọmọ mi. Mo rántí òtútù tó mú mi níta ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, nígbà tí n kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

"Rárá o," mo ní. "Kò tíì dáhùn ni."